Ọdẹ́jìnmí Nílé Iwin Aláyà-Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni, sípánà sì mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ìbọn lọ. Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré kan palẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó tún un tò, tó sì fi písítìn tó lágbára ju ti àtijọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó ṣíná sí i, ó bú ramúramù, gbogbo àdúgbò sá jáde. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ nínú igbó pẹ̀lú. Láìpẹ́, ìyàwó rẹ̀ Àṣàbí bí ọmọkùnrin, Ọdẹ́jìnmí sì wọ igbó lọ wá ẹran tí wọn yóò fi kó ọmọ jáde.

Ẹran ni kò rí. Iwin Aláyà-Irin ló rí, ó ga bí ìrókò, àyà rẹ̀ sì ń kù bí ọlọ tó ń lọ òkúta.

“Ìwọ lo sọ irin di kìnnìún lẹ́yìnkùlé?”

“Èmi ni, ẹ̀yin àgbà igbó.”

“Ẹ́ńjìnnì àyà mi ti gbó, kò gbé mi kọjá odò mọ́. Tún un ṣe, fi agbára kún un, kí n lè dé ìlú yín lọ jẹ èèyàn. Bí o bá parí, máa lọ. Bí o kò bá parí, ibí ni o óò kú sí.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni àwọn igi pa ara pọ̀. Ọdẹ́jìnmí sá sọ́tùn-ún, igi. Ó sá sósì, igi. Bó bá kọ̀, kò ní fojú kan ọmọ rẹ̀ mọ́. Bó bá ṣe é, ọmọ náà ni iwin yóò jẹ. Ó rò ó pé kí òun fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ láìdè. Iwin rẹ́rìn-ín: “Àyà mi ni. N óò mọ èyí tó bá tú.” Ni ó bá yọ sípánà tí kì í kúrò lápò rẹ̀, ó ṣí àyà iwin, ó bọ́ sínú rẹ̀. Písítìn ibẹ̀ tó odó, ọ́ìlì rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ó ha, ó nù, ó fi irin tí iwin kó sílẹ̀ pààrọ̀ èyí tó gbó, ó dè. Ojú sì tì í, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbádùn iṣẹ́ náà.

Nígbà tó parí, iwin ní, “Dá mi lóhùn kí o tó lọ: kí ni ọ̀tá agbára?”

“Ìkánjú ni, bàbá. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, jẹ́jẹ́ là á fi í rìn títí irin yóò fi mọ ara wọn. Bí ẹ bá sáré lónìí, yóò nọ́ọ̀kì, yóò dákú pátápátá.”

Kò sí oníbàárà tí Ọdẹ́jìnmí kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún. Gbogbo wọn ni í mi orí pé àwọn gbọ́, ẹni tó ń ṣe é ló wọ́n.

“Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! O fẹ́ kí n máa falẹ̀ kí o lè kó àwọn èèyàn rẹ sá lọ!”

“Òótọ́ ni mo sọ o!”

Iwin ti fò sọ́nà. Igbó mì tìtì, ewé ń já bọ́. Kí ó tó dé etí odò, àyà rẹ̀ dún gbàù, èéfín rú, ó wó lulẹ̀. Àwọn igi tí agbára rẹ̀ so pọ̀ tú sílẹ̀.

“Mẹkáníìkì, padà wá, jọ̀ọ́!”

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí dúró. Kò tíì ṣe ẹ́ńjìnnì tó dára tó yẹn rí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ó rántí ọmọ, ó lọ.

Ọjọ́ ìkómọjáde gan-an ló wọlé, Àṣàbí sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá ọmọ, ẹran dà?”

Ó bú sẹ́kún. “Àṣàbí, ara mi nìkan ni mo rí mú bọ̀.” Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹni tó tún nǹkan yín ṣe bá ní kí ẹ rọra lò ó, ẹ má pè é ní ọ̀tá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ọ̀nà ilé má dí mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.