Ojú Róbótó Tí Moróhunfólú Fi Ránṣẹ́

Obìnrin méjì kan wà tí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn dàgbà ju ọmọ wọn lọ. Àwẹ̀ró ni ọ̀kan, ará Òkè-Ìṣin, ẹní ni ó ń hun. Moróhunfólú ni èkejì, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Moróhunfólú wá sí Òkè-Ìṣin, kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ilé ọkọ Àwẹ̀ró ni wọ́n sì ti fún un ní yàrá kan. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tí ibà dá Moróhunfólú dùbúlẹ̀, Àwẹ̀ró ló pọn àkọ́bí rẹ̀ títí ó fi dìde. Nígbà tí ọkọ Àwẹ̀ró kú, Moróhunfólú ló jókòó tì í fún ogójì ọjọ́. Wọn kì í pe ara wọn lórúkọ mọ́. "Ìmùlẹ̀" ni èyí ń pe tọ̀hún, "Ìmùlẹ̀" náà ni tọ̀hún fi ń dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Moróhunfólú lọ sí Ìdí-Àràbà. Ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ ni láti ìlú kan dé èkejì, síbẹ̀ kò sí oṣù kan tí ọ̀kan nínú wọn kì í wọkọ̀ lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni fóònù dé. Àwọn ọmọ Moróhunfólú tó wà lókè òkun fi méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún ìyá wọn, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ ìyá wọn. Moróhunfólú kọ́ Àwẹ̀ró, tí kò mọ̀wé púpọ̀, ní ibi tí èèyàn ń tẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè lọ. Láràárọ̀, kí Àwẹ̀ró tó fọwọ́ kan ẹní, á sọ sínú fóònù pé, "Ìmùlẹ̀, ṣé dáadáa lo jí?" Kò ní pẹ́ tí ohùn Moróhunfólú á fi wọlé, tòun tàpárá. Ó dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n jáwọ́ nínú wíwá ara wọn wò. Kí ni wọ́n tún ń wọkọ̀ sí, nígbà tí wọ́n ń gbọ́ra láràárọ̀? Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá, ojú kò kan ojú.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ohùn Moróhunfólú kò wá mọ́. Ojú kan ló ń wá dípò rẹ̀, ojú róbótó tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, tó la ẹnu sílẹ̀, tí omi sì wà lójú rẹ̀ méjèèjì. Àwẹ̀ró kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gbé fóònù lọ bá Làmídì, télọ̀ tó ń ránṣọ níwájú ilé rẹ̀.

"Làmídì, kí ni Ìmùlẹ̀ mi ń wí níbí?"

Làmídì wò ó. "Ẹ̀rín nìyẹn, Màmá. Bí nǹkan bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Ara ọ̀rẹ́ yín yá gágá ni."

"Olúwa ṣeun," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì padà sídìí ẹní rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí ojú róbótó yẹn láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dun òun, ó kéré tán, inú ọ̀rẹ́ òun ń dùn.

Báyìí ni wọ́n wà tí ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, Àlàmú, fi kú. Àlàmú yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, òun náà ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Àwẹ̀ró yà sí kọ̀rọ̀, ó sì fi ẹkún sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé, "Ìmùlẹ̀, Bùrọ̀dá Àlàmú ti lọ o. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dúró mọ́."

Fóònù dún. Ojú róbótó méjì ló wọlé, ẹnu wọn là sílẹ̀ gbàgà.

Àwẹ̀ró rò pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ó fi han Làmídì tó wá bá wọn kẹ́dùn. Làmídì wò ó, ó gbé ojú sílẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Ẹ̀rín ni, Màmá. Méjì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró lára ju ikú tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tó jókòó tì í gbọ́, olúkúlùkù sì ń sọ tirẹ̀. Èyí ní ẹni tó bá fi òkú ẹni rẹ́rìn-ín kì í ṣe ọ̀rẹ́. Òmíràn ní òun ti fura tipẹ́, pé àwọn tó bá ti lọ́mọ lókè òkun kì í rí tálákà sójú mọ́. Wọ́n retí Moróhunfólú dé ọjọ́ kẹjọ òkú, kò yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Làmídì na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró.

"Màmá, ẹ mú fóònù yẹn wá. Mo lè dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ yín mọ́ láéláé. Ìka kan péré ni màá fi tẹ̀ ẹ́."

Àwẹ̀ró ti fẹ́ gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ni ó ki fóònù bọ abẹ́ ìró rẹ̀. "Rárá," ni ó wí. "Ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí à ń fi ìka kan tẹ̀ pa. Bó bá jẹ́ pé ó fi mí rẹ́rìn-ín lóòótọ́, kí ó wá rín in lójú mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ Ìdí-Àràbà. Kò gbé ẹ̀bùn kankan dání, ohun tí kò ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ló ń tò lọ́nà. Ó pinnu pé orúkọ tí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lòun máa fi pè é, "Moróhunfólú," kí ó lè mọ̀ pé ìmùlẹ̀ ti tán.

Oòrùn ti ràn gan-an nígbà tó débẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo fèrèsé ilé náà ló wà ní títì. Koríko ti hù dé ẹnu àtẹ̀gùn. Àwẹ̀ró kanlẹ̀kùn títí.

"Ta nìyẹn?" Ohùn náà kéré.

"Èmi ni."

"Ìwọ ta? Ta ló tẹ̀ lé ọ wá?"

"Àwẹ̀ró ni. Ta ni ì bá tẹ̀ lé mi?"

Ó gbọ́ tí wọ́n ń ṣí kọ́kọ́rọ́ kan, wọ́n ṣí èkejì, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó sì rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Moróhunfólú ti jìn. Ojú rẹ̀ ti wọnú, abẹ́ ojú náà dúdú bíi ti ẹni tó ti gbàgbé oorun. Irun tó máa ń dì dáadáa ti ta kókó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró tò lọ́nà fọ́nká.

"Ìmùlẹ̀," ni ó wí, "kí ló ṣe ọ́?"

Ojú Moróhunfólú kún fún omi. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi mí?"

Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Orí tábìlì ni fóònù wà, ó ń dún lemọ́lemọ́. Bó bá ti dún, ara Moróhunfólú á gbọ̀n. Àwẹ̀ró ní òun kò lè jókòó pẹ́ kí òun tó sọ ohun tó gbé òun wá, ó sì sọ ọ́: pé òun sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun kú, ẹ̀rín ló sì fi dá òun lóhùn.

"Ẹ̀rín báwo? Ẹkún ni mo fi ránṣẹ́! Mo sunkún Bùrọ̀dá Àlàmú títí, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Méjì ni mo fi ránṣẹ́, kí o lè mọ̀ pé ó dùn mí gan-an."

Àwẹ̀ró yọ fóònù tirẹ̀, ó ṣí i síbi ojú róbótó náà. Àwọn méjèèjì tẹ orí pọ̀ wò ó.

"Ṣé o ò rí omi lójú rẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ìwọ wo ẹnu rẹ̀, Ìmùlẹ̀. Ta ló ń fi irú ẹnu yìí sunkún?"

Moróhunfólú wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Oṣù márùn-ún," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oṣù márùn-ún ni mo ti ń fi í ránṣẹ́ sí ọ. Láràárọ̀ lo máa ń bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí, láràárọ̀ ni mo sì ń dá ọ lóhùn pé ẹkún ni mò ń sun. O ò bi mí rí pé kí ló dé. Mo ní, áà, ó ti sú Àwẹ̀ró náà."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi sì ń dúpẹ́," ni ó wí. "Láràárọ̀ ni mò ń dúpẹ́ pé ò ń rẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́kún nínú wọn.

Nígbà tí omijé dá, Moróhunfólú wá tú ìdí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n fà á wọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá lórí fóònù. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé àwòrán òkú síta, tòun ti àbẹ́là tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ojúgbà rẹ̀. Nínú òmíràn, ajínigbé ni lójoojúmọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtijáde. Nínú òmíràn, àwọn ìyá bíi tirẹ̀ ń fi ara wọn hàn láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ, òun nìkan ló sì ń dá jókòó nílé yàrá mẹ́rin. Bó bá gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bó bá gbé e, á tún burú sí i. Oorun lọ, oúnjẹ sì tẹ̀ lé e.

"Kí lo jẹ lónìí?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Kí ni mo lè jẹ? Wọ́n ní ẹ̀wà ń ba kíndìnrín àgbàlagbà jẹ́. Wọ́n ní gààrí ń fọ́jú. Wọ́n ní ẹyin…"

"Ta ni 'wọ́n'?"

Moróhunfólú ronú. "N kò mọ̀. Ó kàn ń wọlé ni."

Àwẹ̀ró dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì se ẹ̀wà. Ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ṣíbí méje. Ó ní òun kò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń ba Moróhunfólú pé wọn á ní orí òun ti dàrú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò yà á sọ́tọ̀. Ó ní, "Màmá, ọkàn náà máa ń ṣàìsàn bí ara ṣe ń ṣe é, a sì máa ń tọ́jú rẹ̀." Ó júwe dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ fún wọn. Dókítà náà fi sùúrù gbọ́ ọ, ó fún un lóògùn, ó sì ní kó máa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Moróhunfólú jáde nínú ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ni fóònù ń sùn, kò sì gbọdọ̀ jí kí ẹni tó ni ín tó jẹun àárọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn, Àwẹ̀ró á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa hun ẹní kan tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló mú àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán koríko ẹnu àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró padà sí Òkè-Ìṣin, Làmídì sáré pàdé rẹ̀. "Màmá, kí ló wí? Ṣé ó bẹ̀bẹ̀?"

"Làmídì, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, èmi ni. Ojú tó wà nínú fóònù ni mo ń wò láti oṣù márùn-ún, ojú yẹn kì í sì í ṣe ojú ẹnì kankan. Ọjọ́ tí mo wo ojú Ìmùlẹ̀ mi gan-an, kò tíì la ẹnu tí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹni tí wọn kò tíì fi ojú rí láti ìgbà tí fóònù ti dé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tó jáde ní Òkè-Ìṣin kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìṣin fi ń pa á lówe, fún ẹni tó bá ní òun ti kí ọ̀rẹ́ òun lórí fóònù, pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.