Bí Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́ Bá Ní Ó Rọ̀

"Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ní ó rọ̀, ẹni tó wà lábẹ́ kì í ní ó le." Bí o bá dé Òkè-Ìṣàn, ìlú tó fẹ̀yìn ti àpáta yẹn, o kò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Àlejò á rò pé ọ̀rọ̀ máńgòrò ni, tàbí ti iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun jíjẹ rárá. Ọkọ̀ ló bí òwe náà, ìtìjú ló sì tọ́ ọ dàgbà.

Mẹkáníìkì kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Fápohùndá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ju ọwọ́ lọ. "Èmi kì í tú ohun tí mo bá ti dè," ohun tó máa ń wí fún oníbàárà nìyẹn. Abẹ́ní, ìyàwó rẹ̀ tó bí Tóyọ̀sí fún un, ń ránṣọ ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Àlúkò tó bí Abẹ́ní gbé ọkọ̀ Pijó àtijọ́ rẹ̀ wá. Bíréèkì rẹ̀ ń rì. Fápohùndá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní màsítà ló ti kú, ìyẹn irin tó ń ti epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yọ ti àtijọ́, ó de tuntun síbẹ̀. Ó wá ku kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ tó ti kó sínú páìpù jáde, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, òfìfo ni awakọ̀ ń tẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á máa tẹ bíréèkì, ẹnì kejì á wà lábẹ́ ọkọ̀, á máa tú nọ́ọ̀tì, á sì máa dè é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ fa ọkọ̀ kan tó kú sọ́nà oko. Ó pe Abẹ́ní.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Dì í mú bẹ́ẹ̀!"

Ó tú nọ́ọ̀tì. Epo tú jáde sínú ìgò, ó ń hó bí ọṣẹ nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó dè é. Wọ́n ṣe ẹsẹ̀ kan tán, wọ́n bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn, epo náà kò tíì yé hó. Fápohùndá rí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlúkò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó, wọ́n fẹ́ tètè dé ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ó sì ti lérí fún wọn pé kò ní pẹ́. Ó de nọ́ọ̀tì náà pa.

"Ó parí."

Abẹ́ní tún gbé ẹsẹ̀ lé e. "Bàbá Tóyọ̀sí, ó ṣì rọ̀ o. Ó ń rì mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Ó le."

"Ẹ dákun, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo mọ ohun tó bá rọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Fápohùndá yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé aṣọ nìyí? Sọ̀ kalẹ̀, máa lọ rán bùbá rẹ!"

Ìṣojú bàbá tó bí i ló ti sọ ọ́. Abẹ́ní sọ̀ kalẹ̀. Fápohùndá jókòó sípò rẹ̀, ó tẹ bíréèkì náà léraléra títí ó fi le díẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni líle yẹn, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á tún rọ̀. Síbẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà wọlé, ó sì wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ gbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ kanlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ̀ ń sáré lọ sísàlẹ̀, obìnrin kan tó pọnmọ fò sínú gọ́tà. Fápohùndá fa bíréèkì ọwọ́, ó yí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn àwọn tó ń kọ́lé. Gbàgà! Ó dúró. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Àlúkò ṣẹ́.

Àwọn ènìyàn pé lé wọn lórí. "Awakọ̀ gidi! Bí kì í bá ṣe ọ̀gá yìí, òkú là bá máa gbé." Ẹnì kan ní ayédèrú ni màsítà tí wọ́n tà fún un. Fápohùndá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyìn wọn ń jó o lára bí èsìsì.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Abẹ́ní. Nígbà tí àwọn ẹbí bi í pé, "Ṣebí ìwọ lo bá a tẹ bíréèkì, kí ló dé?" ohun tó fi dáhùn ni pé, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ." Ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ì bá sàn kó bú u. Fápohùndá kò lè gbé ojú sókè wò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹbí lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí ẹni tí Ọlọ́run lò jáde síwájú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Fápohùndá. Ó débẹ̀, ó rí àna rẹ̀ tó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó na ọwọ́ sókè sí ìjọ.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́," ó wí. "Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Màsítà yẹn kì í ṣe ayédèrú. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù, mo sì rí i. Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́, ó ní ó rọ̀. Èmi tí mo wà lábẹ́, tí ẹsẹ̀ mi ò kàn án, èmi ni mo ní ó le. Mo tún fi í wọ́lẹ̀ níṣojú bàbá rẹ̀."

Bàbá Àlúkò dìde. 

"Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́," ni bàbá wí. "Ọmọ mi ni, mo sì mọ̀ pé kì í purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń kánjú lọ sí ìpàdé, mo dákẹ́." Ó yíjú sí ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. "Abẹ́ní, má bínú."

Abẹ́ní fi etí gèlè rẹ̀ bo ojú, ó sunkún.

Nígbà tí wọ́n fa Pijó náà padà dé, Fápohùndá lọ sí ìsọ̀ ìránṣọ níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun dákun wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó tú ohun tó ti dè. Abẹ́ní ní, "Ó rọ̀." Ó tún un tú. "Ó ṣì rọ̀." Kò jiyàn. Ìgbà tí obìnrin náà ní, "Ó ti le wàyí," ló tó jáde lábẹ́ ọkọ̀. Abẹ́ní sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀rín tó padà sáàárín wọn.

Àwọn ará ìlú ló sọ ọ̀rọ̀ tí Fápohùndá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì di òwe. Bí aboyún bá ní inú ń run òun tí ọkọ ní ohunkóhun kò ṣe é, bí ọmọ bá ní ẹrù wúwo tí ẹni tó dì í rù ú ní ó fúyẹ́, wọ́n á ní kí ẹni tó ń jiyàn rántí Fápohùndá: bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ní ó rọ̀, ẹni tó wà lábẹ́ kì í ní ó le.