Arúgbó Láptọ́ọ̀pù Ilé Olóyè

Olóyè Láníyọnu, tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún, pe Ìbídùn tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù: "Wá ọ̀kan olówó pọ́ọ́kú tí yóò máa gba àwòrán kámẹ́rà ilé mi sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ kú bí iná bá lọ, mi ò sì fẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀." Ìbídùn gbé láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan wá, ó so kámẹ́rà mọ́ ọn. Olóyè rẹ́rìn-ín: "Bí arúgbó yìí bá lè ṣe é, màá gbé e karí, màá jó." Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Fáànù dúró, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ń jẹ bátìrì inú rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Olóyè ní òun ò sọ̀rọ̀ ijó kankan. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, Olóyè sì yọjú nínú ẹ̀rọ, ó ń ṣèlérí ijó. Bàbá gbé e karí tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ọmọ mi, pa á ná kí n tó jó." Ìbídùn ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ kú."