Ọ̀nà Tí Awẹ́ró Gbà Délé Ọkọ

Awẹ́ró ọmọ Ọdẹ́gbàmí jẹ́ ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ kì í sábà gbé ibi tí ara rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá rán an lódò, yóò dúró létí omi, yóò máa wo bí ewé ṣe ń léfòó lọ, títí ìyá rẹ̀ yóò fi pariwo orúkọ rẹ̀ láti ilé. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní ọ̀lẹ, nítorí bó bá ti dáwọ́ lé nǹkan, kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún Láwọyin, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Yangí, ìdána sì ti kọjá. Kò ku nǹkan kan mọ́ àfi ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìlú méjèèjì yìí ti ń fọmọ fún ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ọ̀tá ẹsẹ̀ ni. Yangí pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa dán lókèèrè bí ẹni pé omi dúró lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì sáré débẹ̀ kò ní bá nǹkan kan bí kò ṣe òkúta gbígbóná. Igi pọ̀ lójú ọ̀nà náà rí. Ìgbéyàwó ló gé wọn tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àṣà wọn ni pé kí ọkọ ìyàwó àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gé igi ìdáná wá sẹ́nu ọ̀nà bàbá ìyàwó. Bí òkìtì igi náà bá ga ju òrùlé lọ, iyì ńlá ni fún àna. Igbó wà lẹ́yìn odò tí igi gbígbẹ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ ṣiṣẹ́ iyì níbi tí ojú kò tó? Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń gé e, kí èrò tó ń lọ, tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé lágbájá ń gbéyàwó. Bí ìyàwó kan ṣe ń wọlé ọkọ ni ibòji ń kúrò lọ́nà.

Àṣà kejì ni pé ìyàwó kò gbọdọ̀ wọ bàtà títí wọn yóò fi da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ọ̀sán ni wọ́n sì ń mú un lọ, kí gbogbo ayé lè rí i. Kò sí ìyàwó tí kì í fomijé wọ Òkè-Yangí. Àwọn èèyàn ibẹ̀ á wá máa mi orí, wọn á ní, "Ẹ gbọ́ ẹkún ìyàwó! Ọmọ yìí mà fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀ o!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ ló ń ta á.

Awẹ́ró ìbá má mọ̀, bí kì í bá ṣe ti Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ ní Òkè-Yangí. Nígbà tí Awẹ́ró lọ kí i lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó bá a níbi tó ti ń fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ náà ti bó bí awọ iṣu sísè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún wọn ni?"

"Kí n sọ kí ni? Wọ́n ní ẹkún mi dùn ju ti gbogbo ìyàwó ọdún yìí lọ. Ìyá ọkọ mi ń fi yangàn káàkiri àdúgbò." Ìbíyẹmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa.

Awẹ́ró padà sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń sùn rìn. Ní àárín ọ̀nà, ó dúró lábẹ́ igi àpá kan, òun nìkan ṣoṣo ló kù nínú àwọn igi àtijọ́. Ó dijú. Ó rí ọ̀nà náà bí yóò ṣe rí bí igi bá wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí ewé ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lókè, tí oòrùn ń ta tótòtó sílẹ̀ láàárín wọn. Ó rí ara rẹ̀ tó ń rìn nínú rẹ̀, tí kò kánjú. Nígbà tó lajú, Láwọyin ló rí níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àáké léjìká.

Ojú ti àwọn méjèèjì, nítorí kò bójú mu kí àfẹ́sọ́nà pàdé báyìí.

"Bàbá rẹ ló ní igi àpá yìí lòun fẹ́ rí lẹ́nu ọ̀nà òun," ni Láwọyin wí. "Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tí wọ́n gé igi tó tó báyìí fún rí."

"Bí ẹ bá gé e, níbo ni n ó ti sinmi lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀?"

Láwọyin wo òkè, ó wo ọ̀nà. Ó ti rin ọ̀nà náà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bàtà awọ ẹfọ̀n ló máa ń wọ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ lásán kan ilẹ̀, ó sì yára fà á padà. Ó gbé àáké rẹ̀, ó tẹ̀ lé Awẹ́ró lẹ́yìn lókèèrè, ó di ilé Ọdẹ́gbàmí.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀wẹ̀ tó bá wù yín ni n ó ṣe. Igi nìkan ni n kò ní gé."

Ọdẹ́gbàmí kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n iyì máa ń pa á bí ọtí. Ó ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa igi àpá náà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo kọ́ ọ báyìí?"

Awẹ́ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ọ̀nà ló gbóná. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bó."

"Ìyá rẹ rìn ín wá síbí, ẹsẹ̀ ìyá rẹ dà? Ṣé kò sí lára rẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú ni, ó sì kọjú sí Láwọyin. "Ó dáa. Ibòji lẹ ń wá. Lọ́jọ́ tí èmi Ọdẹ́gbàmí bá lè fi ẹsẹ̀ lásán rin ọ̀nà yangí lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí n kò sáré, kí o wá mú ìyàwó rẹ láìgé igi kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó o lọ gbàgbé ìdána."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ̀ pé ó fi lé wọn lọ ni. Awẹ́ró fẹ́ràn Láwọyin, mo sọ ọ́ láìfi bò, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "A dúpẹ́, bàbá."

Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, Láwọyin kó ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ rẹ̀ jáde. Dípò kí wọ́n gé igi lulẹ̀, ẹ̀ka ọdán àti ti ìyeyè ni wọ́n gé, àwọn igi tó jẹ́ pé bí a bá ti ri ẹ̀ka wọn mọ́lẹ̀, wọn a máa hù. Wọ́n la yangí, wọ́n ri wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo òjò ọdún náà ni wọ́n fi ń yọ ewé kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, odò sì fà. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Odò pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi odò nù sílẹ̀. Àṣẹ náà dára, Awẹ́ró náà sì gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n àwọn igi rẹ̀ ń kú lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti agbolé dé agbolé pẹ̀lú ìkòkò lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní omi tí ẹ fi fọ iṣu. Ẹ fún mi ní èyí tí ẹ fi wẹ ọmọ." Àwọn kan bù ú fún un, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyàwó tí kò rí ọkọ fẹ́ ti ń fẹ́ igi. Ọdẹ́gbàmí kò lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́. "Ọmọ mi ń ṣagbe omi ìdọ̀tí," ni ó ń wí fún ìyàwó rẹ̀, "o sì ń wò ó!" Omi tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ ló ń rọ sínú agbè fún Awẹ́ró.

Ní àràárọ̀, nínú kùrukùru ọyẹ́, Awẹ́ró a máa rìn lọ láti ìdí igi kan sí òmíràn. Ẹni tó bá rí i lókèèrè kò ní rí ju funfun aṣọ rẹ̀ lọ, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń dìde, bí ẹni ń kí àwọn àlejò tí ẹlòmíràn kò rí. Láwọyin a máa bọ̀ láti ìhà Òkè-Yangí pẹ̀lú omi tirẹ̀, wọn a pàdé lábẹ́ igi àpá, wọn a kí ara wọn, olúkúlùkù a sì padà.

Nígbà tó yá, ewé gbogbo wọ́ dànù. Igi náà di ọ̀pá lásán. Awẹ́ró gbé ìkòkò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sunkún. "Ó ti tán. Bàbá mi ti borí."

Láwọyin fi èékánná họ èèpo ọdán kan díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé. "Ó ṣì wà láàyè," ni ó wí. "Máa bù ú sí i."

Ó sì ń bù ú sí i. Òjò tún rọ̀, ó lọ, ó tún rọ̀. Àwọn igi náà ta ẹ̀ka kọjá orí ènìyàn. Àwọn tó ti fi Awẹ́ró ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń gbé omi ìfọṣu wá fúnra wọn, nítorí àwọn náà ti ń sinmi níbẹ̀ bí wọ́n bá ti oko bọ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ọdẹ́gbàmí dìde lọ́sàn-án gangan. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ọ̀nà yangí lọ. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó di eyín pọ̀. Ẹsẹ̀ kejì, ó dúró. Ewé ọdán tó ti wọ́ sílẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó rìn díẹ̀, ó tún rìn díẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹyẹ àdàbà kan ń ké níbì kan tí kò rí. Nígbà tí wọ́n wá a lọ, wọ́n bá a ní ìdí igi àpá tó sùn lọ fọnfọn, tó ń hanrun.

Wọ́n jí i. Ó nu ojú. Ó wo Awẹ́ró pẹ́. "N kò sáré," ni ó wí. "Ẹ lọ múra ìyàwó."

Ìmúra náà kò ní ariwo. Kò sí iná ńlá kankan. Agbolé kọ̀ọ̀kan se ìkòkò kan lórí ààrò tirẹ̀, igi gbígbẹ tó ti wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn odò àti èésan ekùrọ́ ni wọ́n fi dáná. Ewé eéran ni wọ́n fi gbé oúnjẹ fún àlejò, ewúrẹ́ sì rí i jẹ lẹ́yìn àsè. Aṣọ òfì tí Ìbíyẹmí fi ṣe ìyàwó ni wọ́n tún rẹ ní aró fún Awẹ́ró, ó sì dùn ún wò ju tuntun lọ. Ọdẹ́gbàmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí kò sí òkìtì igi níbẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo èrò pé, "Òkìtì tèmi wà lójú ọ̀nà. Ó dúró ṣánṣán. Ẹ lọ wò ó!" Iyì kò kúkú kúrò lára bàbá náà.

Ọ̀sán ni wọ́n sin Awẹ́ró lọ. Ó sun ẹkún ìyàwó bó ti yẹ, ó ki ìyá rẹ̀, ó ki bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń bá ewé lọ lókè. Nígbà tó dé Òkè-Yangí, ó ti dákẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní, "Èwo ni ti ìyàwó tí kò ṣomijé yìí? Àbí kò fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀ ni?"

Ìyá Láwọyin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó lè da omi sí i. Kò dà á. Ẹsẹ̀ náà tutù. Erùpẹ̀ tútù wà láàárín ìka rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀nà wo lo gbà wá?"

"Ọ̀nà yangí náà ni, ìyá."

"Rárá o. Èmi náà gba ibẹ̀ wá sínú ilé yìí. Mo mọ bó ṣe rí."

"Mo ti ń da omi sí i kí n tó rìn ín ni, ìyá."

Ìyá àgbà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ tó ti sán, tó ti le. "Tèmi jóná lọ́jọ́ náà," ni ó wí, "n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí." Omijé ń dà lójú rẹ̀. Awẹ́ró kúnlẹ̀, ó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra da omi ìyàwó náà sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, títí igbá fi gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìlú méjèèjì ti ń sọ ọ́ fún ọmọ tó bá ń kánjú, tí ẹnu àwọn arìnrìn-àjò sì fi gbé e kárí ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.