Kòkòrò Inú Obì

Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ọkọ̀ kankan kò lè wọ abúlé Bàbá Oyèkúnlé wá kó obì, nítorí ọ̀nà ti bàjẹ́. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àgbà dé, ẹni méjì ló jáde. Yàkúbù ni ọ̀kan, ọmọ Gàmbàrí tí wọ́n bí sí abúlé náà, tó ń fi ṣọ́bìrì dí kòtò ọ̀nà lọ́dọọdún. Èkejì ni Adégòróyè, ọmọ ọba tó ti pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn.

Ìyàwó Bàbá bi í pé, "Ta lẹ máa tẹ̀ka fún?"

"Èwo ni ìbéèrè nínú ìyẹn? Kí ni Gàmbàrí mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa? Tiwa ni tiwa."

"Tiwa tí kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́?"

Bàbá pòṣé. Gbogbo abúlé tẹ̀ka fún tiwa. Tiwa wọlé, ó gba Àbújá lọ, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Òjò dé. Obì ọdún kan jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ títí kòkòrò fi dá a lu. Bàbá ń ṣà á dànù lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Yàkúbù ń kọjá lọ, ṣọ́bìrì léjìká, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wo obì náà.

"Bàbá, ẹ̀yin àgbà lẹ ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Tótó, ó ṣe bí òwe o."

Ó ti rẹ Bàbá kọjá ìbínú. Èsì tí àgbà ń fún ọmọ ilé ẹni ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Wàá rí òmíràn pa, ọmọ mi."

Ìbò mìíràn ṣì ku ọdún mẹ́ta.