Àpò Tí Ọmọ Rẹ̀ Dì Sílẹ̀

Obìnrin kan wà tí ó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì fẹ́ràn òfurufú ju ilẹ̀ lọ.

Nígbà náà, eré ìdárayá tí ọmọ yìí ń ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ máa ń pàdé ní gbogbo Sátidé ní pápá bàlúù kan tí àwọn ológun ti pa tì. Bàlúù kékeré kan á gbé wọn lọ sókè, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á sì fò jáde sínú òfìfo. Páráṣúùtì, aṣọ fífẹ̀ tí ń gba afẹ́fẹ́ bí agboòrùn, ni yóò gbé wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ìlú ní orí wọn kò pé. Àwọn àgbà ní ẹni tí Ọlọ́run kò dá ìyẹ́ fún kì í bá ẹyẹ du ojú ọ̀run.

Òfin kan wà láàrin wọn tí ẹnikẹ́ni kì í rú: kálukú ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká páráṣúùtì rẹ̀. Bí ó bá ti fò tán, á tẹ́ aṣọ náà sórí koríko, á ṣẹ́ ẹ po, á to àwọn okùn rẹ̀ sínú rọ́bà, á dì í sínú àpò, á fi òwú pupa so ẹnu àpò náà. Ó di Sátidé mìíràn kí ó tó tú u.

Ọmọ obìnrin yìí di àpò tirẹ̀ ní Sátidé kan. Ní ọjọ́ Ajé, ibà dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti sin ín. Kì í ṣe ojú ọ̀run ló pa á. Orí ẹní ni ikú bá a. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù méje.

Ìyá kó gbogbo ohun ìní ọmọ náà jọ sínú yàrá kan. Ó fi ọ̀rá wé ìwé tí ọmọ náà ń kọ gbogbo fífò rẹ̀ sí, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yí ojú àwọn àwòrán sí ara ògiri, nítorí pé wọ́n ń wò ó. Ó gbé akoto sórí tábìlì, ó to bàtà sábẹ́ rẹ̀. Àpò tí a kò tú, ó gbé e jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀.

Ó ti ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dárúkọ olóògbé nínú ilé náà. Lójú tirẹ̀, ohun tí a bá ń sọ ló ń tán. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu jáde kì í padà wọlé, ó sì ti búra pé ọmọ òun kò ní ti ẹnu òun jáde lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí opó ọmọ náà fẹ́ ọkọ mìíràn, tí ó fi ọmọbìnrin tí ó bí sílẹ̀ fún ìyá àgbà, ọmọbìnrin náà dàgbà láìgbọ́ ohun kan nípa bàbá rẹ̀ ju pé ó wà rí.

Ní ọdún kẹta, àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn dúró sójú kan tí adìẹ pàápàá kò rìn. Ìyá gbọ́ ìró kan láti inú yàrá, ìró bí ìgbà tí arúgbó ń yí ìdí padà lórí àga. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpò náà, ó sì rí i pé nǹkan kan ń tì í láti inú, rọra, bí ọlẹ̀ ti ń ti inú ìyá rẹ̀. Kò sá. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ní, “Mo wà níbí.”

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ni àkókò tirẹ̀ pẹ̀lú àpò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Á sọ̀rọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn, á tún sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò kì í gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà kọjá bí oòrùn bá ti kan àtàrí.

Nínú àwọn tó ń fò nígbà náà, ọ̀kan ṣì wà láàyè, àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ǹtì, tí ó kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń ká páráṣúùtì. Ilé ìkàwé ìlú ti fún un ní yàrá kan kí ó kó ohun ìrántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, kí ó tó di pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé wọ́n fò rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti wá bẹ ìyá yìí fún ẹrù ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá bu omi fún un mu, tí ó sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà láìdáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ogójì ọdún ṣe kọjá.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti di abiyamọ, mú ọmọ rẹ̀ kékeré wá kí ìyá àgbà. Ìyá na dòdò sí ọmọ náà, ọmọ náà fi ọwọ́ òsì gbà á. Ìyá gbá a lọ́wọ́. Ó ní a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àti pé kò sí ọlọ́wọ́ òsì nínú ìran àwọn.

Ìyá ọmọ náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó rántí àkísà tí wọ́n fi ń di ọwọ́ òsì tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré.

“Ìyá àgbà,” ó ní, “ẹ gbá ọwọ́ yìí lára mi títí mo fi dàgbà, ó tún ti yọ lára ọmọ mi. Ó ní ibi tó ti ń wá. Ṣé òsì ni bàbá mi ń lò?”

Ìyá ya ẹnu láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́, ó fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú inú wo ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń jẹun. Ó rí àwo. Ó rí ọbẹ̀ nínú àwo. Ó rí apá ẹ̀wù. Kò sí ọwọ́ lẹ́nu apá ẹ̀wù náà. Ó gbé ojú sókè wá ojú ọmọ rẹ̀, ojú inú àwòrán ló rí, kò ṣẹ́jú. Ó wá dẹ etí sí ohùn rẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni ìró àpò, bí arúgbó ti ń yí ìdí padà lórí àga.

“N kò mọ̀,” ni ìyá wí.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ nídìí aṣọ, ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé òun. Wọ́n kọ́kọ́ tú ọ̀rá kúrò lára ìwé. Omi ti wà nínú ọ̀rá náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wé e; gbogbo ewé ìwé ti lẹ̀ di odidi kan bí ọṣẹ, kò ṣeé ṣí. Wọ́n yí àwọn àwòrán padà. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, pápá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ti yẹ kó wà funfun báláú. Nígbà tí ọmọ ọmọ náà wo ara ògiri, ó rí àwọn ojú náà níbẹ̀, wọ́n ti bá ọ̀rinrin lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ojú kan lábẹ́ ojú kan. Ó na ìka kan sí i. Ó rún dànù bí ìyẹ̀fun.

Ó ku àpò.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Sájẹ́ǹtì. Ó dé ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ṣí fìlà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ́ kí ó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òsì ni.

“Irọ́ lo pa,” ni ìyá wí. “Èmi ni mo bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí mo ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì kò bínú. Ó ní bí kálukú ṣe ń ká aṣọ rẹ̀ dà bí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí bí yóò ṣe fi í pamọ́. Bí ìyá bá fẹ́ rí i, inú àpò ló wà. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣùgbọ́n bí a bá tú u, Màmá, kò sí ẹni tó lè ká a padà bó ṣe ká a. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyí.”

Àpò náà dún. Ọmọ ọmọ náà gbá ọmọ rẹ̀ mú. Sájẹ́ǹtì ṣàlàyé fún wọn pé sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dì í, kí ó lè ju aṣọ náà sínú afẹ́fẹ́ bí a bá tú u. Bí oòrùn bá mú, irin á gbóná, á máa tì. Ogójì ọdún ló ti ń tì.

“Kò bá yín sọ̀rọ̀, Màmá. Ọ̀nà àtijáde ló ń wá.”

Ìyá wò ó. Ó wo àpò náà. Ó ti bá a sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ogójì ọdún, kò sì tíì bi ẹ̀dá alààyè kan léèrè ohun kan. Bí ó bá jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ́ pé àpò nìkan ni ọmọ òun. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá òun mú abẹ wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òwú pupa náà.

Nǹkan funfun kan fò dìde láàrin yàrá. Ó ga tó ọmọ ọdún méje. Ó dúró, ó gbọ̀n, ó wá wó sí orúnkún ìyá. Aṣọ tó kù tẹ̀ lé e jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìró bí èémí tí ẹnìkan ti há mọ́ àyà tipẹ́. Wọ́n fà á gba pálọ̀ dé àgbàlá. Níbi tí rọ́bà ti yọ́ mọ́ ọn, ó ya.

Sájẹ́ǹtì kúnlẹ̀ sídìí àwọn okùn, ó nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ́ gbogbo wọn pé ọ̀tún ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to okùn. Ti aṣọ yìí bẹ̀rẹ̀ láti òsì, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ kọjú sí òsì, kókó òwú rẹ̀ pàápàá, òdì ni wọ́n ta á. Ìyá tọ ojú ọ̀nà ọwọ́ ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọ̀tún ló ń lò nílé,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “Nígbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ wá fún un ní pápá, ó ti bẹ̀ wá pé bí a bá ti rí yín lókèèrè, kí a máa wúkọ́, kí òun lè pa ọwọ́ dà. Gbogbo wa la máa ń wúkọ́. Ẹ tiẹ̀ mú àgbo ikọ́ wá fún wa nígbà kan.”

Ìyá rántí àgbo náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Kí ló dé tó fi ń fò?” ó bèèrè. “N kò bi í rí.”

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. Ó ní àwọn bi í lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà dáhùn pé òkè nìkan ni ibi tí ẹnìkan kò ti ní gbá òun lọ́wọ́.

Ọmọ ọmọ náà rò pé ìyá àgbà yóò dìde, yóò padà sínú yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá kò dìde. Ó di etí aṣọ náà mú, ó ní, “Kí ló tún sọ?”

Sájẹ́ǹtì jókòó sílẹ̀, ó sì sọ fún un. Ó sọ pé ẹ̀rù máa ń bà á, pé ó máa ń bì kó tó wọ bàlúù. Ó sọ bí ó ṣe máa ń sín ìrìn ìyá rẹ̀ jẹ, tí gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín wó lulẹ̀. Òmíràn dùn mọ́ ìyá, òmíràn gún un lọ́kàn. Bí ó bá gún un, á tún bèèrè èyí tó kàn. Nígbà tí òjìji ilé bo àgbàlá, láàrin ọ̀rọ̀ kan, ìyá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ létí ara rẹ̀, tí ó ń pe “Màmá,” kedere, bí ẹni tó ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀.

Wọ́n kó aṣọ náà lọ sí yàrá ilé ìkàwé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, Sájẹ́ǹtì á tẹ́ ẹ síta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Àwọn tó bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ewé igi kò mì rárá sọ pé àárín aṣọ náà á gbéra sókè díẹ̀, á sì rọra wálẹ̀.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń pa ìtàn yìí fún. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, o ti ti yàrá rẹ̀ pa, o kò sì jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ létí àwọn ọmọ rẹ. O sọ pé ò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí fún ọ. Ohun tí a dì tí a kò tú kì í tọ́jọ́. Ó ń jẹra, ohun mìíràn a sì máa fi ohùn rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Pe àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Bi wọ́n léèrè ohun tí o kò mọ̀ nípa rẹ̀, àti èyí tí o kò fẹ́ mọ̀, kí àwọn ọmọ rẹ jókòó níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Bí ó bá dùn ọ́, má dìde. Tún bèèrè.