Ẹjọ́ Tí Erin Kò Láṣẹ Lé Lórí

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀yà, abiyamọ etí odò.

Túùkú lé Ọ̀yà kúrò nínú eèsún tó bímọ sí, ilé ẹjọ́ kékeré sì dá Túùkú láre. Ni Ọ̀yà bá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ Erin, adájọ́ àgbà. Lọ́jọ́ kìíní, Erin ní kó padà wá. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kó padà wá. Ọ̀yà wo ẹsẹ̀ adájọ́, ó rí ẹrẹ̀ pupa etí odò níbẹ̀. Ara fu ú. Ó ń kọrin lọ sílé, ẹ bá mi gbè é:

Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ Erin, níbo ló ti rí i?
Jẹ́ńjùkẹ́!
Ta ló pè é dé eèsún mi?
Jẹ́ńjùkẹ́!

Lọ́jọ́ kẹta, Erin ní, "Ilé ẹjọ́ yìí kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ etí odò. A da ẹjọ́ náà nù."

"Olúwa mi, ṣé Túùkú ló wá nilẹ̀ ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì, adájọ́ inú odò, ni kó o lọ bá."

Túùkú, tó jókòó nílé ẹjọ́, bú sẹ́rìn-ín: ó mọ ohun tí Ọ̀nì ń jẹ.

Ọ̀yà lọ, ṣùgbọ́n orí àpáta ló dúró sí tó ń rojọ́.

"Sún mọ́ mi, etí mi wúwo," Ọ̀nì wí.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá wo ilẹ̀ náà, bàbá."

Ọ̀nì wá. Túùkú rí i lókèèrè, ó sá lọ ráúráú. Ọ̀nì na ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín eèsún, ó ní, "O jàre, Ọ̀yà. Kó àwọn ọmọ rẹ wọlé."

Ọ̀yà dúpẹ́, ó kó wọn gun òkè lọ.

Ibẹ̀ ni mo fi àlọ́ mi sí.